Kí Ọmọ Tó Wọ Bàálù: Bí Sẹ́mẹ́sítà Ṣe Ń Parí Nílẹ̀ Jámánì

Lárọ̀ọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé ilé mi ní Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn, láì pè mí ṣáájú. Kò tíì jókòó tán tó fi na fóònù rẹ̀ sí mi. "Wo ohun tí ọmọ rẹ kọ ránṣẹ́. Ó ní òun ti ṣe ìdánwò tán láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, síbẹ̀ òun ò lè wálé títí di ìparí oṣù tó ń bọ̀. Kí ló kù tó ń ṣe níbẹ̀?"

Mi ò bá a jiyàn, nítorí mo mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá. Àwa tá a kàwé ní Ìbàdàn mọ̀ pé ọjọ́ tá a bá fi báírò sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ni sẹ́mẹ́sítà tán. Ẹni tó bá yára á ti di ẹrù rẹ̀ láti òru, á dá máíkírà dúró lẹ́nu géètì, ó di ilé. Ti Jámánì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ parí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ìyókù ló sì jẹ́ ohun tí kò ṣeé ṣe láti Baṣọ̀run mọ́ bí ọmọ bá ti wọ bàálù. Ohun tí mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà, àti ohun tí èmi fúnra mi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lẹ́yìn náà, ni mo kọ síbí fún òbí tí ọmọ tirẹ̀ ń múra àtilọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, tó máa ń pè mí ní Mọ́mì Baṣọ̀run, kò lọ gba dìgírì. Sẹ́mẹ́sítà kan péré ló lọ ṣe, lábẹ́ ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní Erasmus. Orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ní Yúróòpù ló bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní 1987, akẹ́kọ̀ọ́ 3,244 ló sì rìnrìn àjò lọ́dún àkọ́kọ́. Wọ́n fi orúkọ Erasmus ará Rotterdam sọ ọ́, ọ̀mọ̀wé kan tó gbé ní Paris, Leuven, Cambridge àti Basel ní nǹkan bíi 500 ọdún sẹ́yìn, tó ń ti ìlú kan bọ́ sí èkejì nítorí ẹ̀kọ́. Láàárín ara wọn ni àwọn ará Yúróòpù kọ́kọ́ ń ṣe pàṣípààrọ̀ yìí. Láti 2015 ni wọ́n ti ń bá yunifásítì ilẹ̀ Áfíríkà ṣe é bákan náà: ọmọ lọ, ọmọ wá. Owó oúnjẹ àti ilé tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ máa ń wà láàárín 800 sí 900 yúrò lóṣù.

Irú ìrìn àjò báyìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn tó kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì wa láyé ijọ́un máa ń lo ọdún kan gbáko nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, tí apá ò ká a mọ́, ni ìjọba dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárá, ní Badagry, ní 1991, kí àwọn ọmọ lè máa gbé inú èdè náà láì kúrò ní Nàìjíríà. Mo ka ibẹ̀ sí ohun iyì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lo sáà tirẹ̀ ní Badagry kò ní bá ohun tí mo fẹ́ sọ yìí pàdé, torí òfin ilé rẹ̀ ni òfin tó bá níbẹ̀.

Kí ọmọ tó kúrò nílé, ìwé kan wà tí ẹni mẹ́ta ń bu ọwọ́ lù: ọmọ fúnra rẹ̀, yunifásítì tó rán an lọ, àti yunifásítì tó gbà á. Learning Agreement ni orúkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n kọ àwọn kọ́ọ̀sì tó máa ṣe lọ́hùn-ún sí, àti kọ́ọ̀sì tí wọ́n á fi rọ́pò níbí. Wọn kì í ka kọ́ọ̀sì ní yúníìtì bíi tiwa. Kírẹ́díìtì ECTS ni wọ́n ń lò, 30 sì ni ti sẹ́mẹ́sítà kan. Kírẹ́díìtì kan dúró fún wákàtí iṣẹ́ 25 sí 30, lẹ́kíṣọ̀ àti ìwé kíkà nínú yàrá lápapọ̀. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ á rí i pé 750 sí 900 wákàtí ni sẹ́mẹ́sítà náà. Mo ń sọ èyí nítorí pé bí ọmọ bá pààrọ̀ kọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn tó débẹ̀, ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ tún bu ọwọ́ lu ìpààrọ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń rántí pé ìwé àtijọ́ ṣì ni ìwé tó wà nílé. Nígbà yẹn, olùdarí ẹ̀ka níbí lè ti rìnrìn àjò, tọ̀hún lè ti gba ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà ló rú ẹ̀gbọ́n mi lójú jù. Sẹ́mẹ́sítà ìgbà òtútù ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ó sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Èyí ni ti ìwé. Ṣùgbọ́n àárín oṣù kẹwàá ni lẹ́kíṣọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, tó sì ń dáwọ́ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí àárín oṣù kejì. Ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn náà rí bẹ́ẹ̀: oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án lórí ìwé, àmọ́ lẹ́kíṣọ̀ ti tán kí oṣù keje tó parí. Nítorí náà òpin méjì ni sẹ́mẹ́sítà kan ní. Ní ti ìgbà òtútù, àárín òpin méjèèjì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Lójú wa, họ́lídè ni. Wọ́n ní orúkọ tiwọn fún un, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju "àkókò tí kò sí lẹ́kíṣọ̀" lọ. Kò sí ẹni tó sọ pé kò sí iṣẹ́.

Ìdánwò alákọsílẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn lẹ́kíṣọ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e. Jíjókòó sí kíláàsì láti oṣù kẹwàá kò sì tó láti fi wọ gbọ̀ngàn. Ọmọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì yunifásítì náà, ní ibi púpọ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni ilẹ̀kùn ti ń tì. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, tí kò yọ ọ́ kúrò lásìkò, tí kò sì yọjú lọ́jọ́ ìdánwò, ìjákulẹ̀ ni wọ́n kà á sí, àyàfi tó bá mú ìwé dókítà wá kíákíá. Ẹ̀bẹ̀ kò ràn án. Mi ò sọ èyí láti fi bú wọn. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò sí nínú ètò, kò sì sí òṣìṣẹ́ kan tí agbára rẹ̀ gbé e láti fi báírò kọ orúkọ ọmọ sísàlẹ̀ ìwé.

Bí èsì bá jáde, òbí gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ní Jámánì, 1.0 ni èsì tó ga jù, 4.0 ni àyege tó kẹ́yìn, 5.0 ni ìjákulẹ̀. Nígbà tí ọmọ wa kọ̀wé pé òun gba 1.7, ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, ó rò pé wọ́n ti fi F lé e lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ èsì tó dáa gan-an ni. Ní Faransé, 20 ni wọ́n fi ń ka èsì, 10 sì ni àyege. Ọmọ tó bá gba 14 níbẹ̀ ti ṣe bẹbẹ. Ní Ítálì, 30 ni, 18 sì ni àyege. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú ìdánwò tiwọn, ọmọ á jókòó síwájú olùkọ́, wọ́n á máa bi í ní ìbéèrè lójú gbogbo ayé. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wọn, ọmọ tí èsì kò tẹ́ lọ́rùn lè kọ̀ ọ́, kó sì padà wá lọ́jọ́ ìdánwò mìíràn. Ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lọ́wọ́ kò ní ọjọ́ mìíràn, ìyẹn ni àǹfààní náà ṣe kéré fún àlejò ju bó ṣe rí fún onílé lọ.

Ohun tó dá ọmọ wa dúró títí di ìparí oṣù kẹta gan-an ni Hausarbeit. Kò sí ìdánwò alákọsílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì tó jẹ mọ́ èdè, ìtàn àti àṣà. Dípò rẹ̀, ọmọ á yan orí ọ̀rọ̀ kan, á lọ bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì lásìkò tó ń gba àlejò, wọ́n á jọ fẹnu kò, lẹ́yìn náà á lọ kọ ojú ìwé bíi 10 sí 20 lórí rẹ̀. Gbèdéke sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Ọmọ wa ní méjì irú rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń kọ́ ìṣirò àti ẹ̀rọ ti ń tà kẹ̀kẹ́ wọn láti fi sanwó ọkọ̀, láìbúrẹ́rì ni òun ń wọ̀ láàárọ̀, tó sì ń jáde lálẹ́.

Ẹnì kan lè ní kó kọ ọ́ nílé. Ìyá rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo dá a lóhùn ni pé ìwé tí ọmọ náà ń kà wà lórí pẹpẹ láìbúrẹ́rì wọn, èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń béèrè pásíwọọ̀dù yunifásítì, tó ń kú bí sẹ́mẹ́sítà bá ti kú. Ẹ tún fi ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kún un. Ẹni tó ń gbé Baṣọ̀run mọ̀ pé a kì í fi ojú ìwé 20 tó ní gbèdéke lé iná lọ́wọ́. Lójú ewé tó kẹ́yìn, ọmọ á kọ ìwé ẹ̀rí, á bu ọwọ́ lù ú pé òun ni òun kọ iṣẹ́ náà, pé òun kò jí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Wọn kì í fi ojú kékeré wo ìbùwọ́lùwé yẹn. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́, kọ́ọ̀sì náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa ṣáájú ni pé ọjọ́ tí ọmọ fi iṣẹ́ sílẹ̀ àti ọjọ́ tí olùkọ́ ń fi èsì sílẹ̀ jìnnà síra wọn. Olùkọ́ náà ní Hausarbeit ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ níwájú, ó sì lè gba oṣù méjì kó tó kà á tán. Èmi ìbá gba ọmọ tó bá fẹ́ lọ nímọ̀ràn pé kó lọ bá olùkọ́ náà láti oṣù kìíní, kó sọ fún un pé akẹ́kọ̀ọ́ pàṣípààrọ̀ ni òun, kó béèrè bóyá òun lè tètè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì tètè kà á. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń gbà. Bí ọmọ kò bá sọ̀rọ̀, olùkọ́ kò ní mọ̀ pé ilé rẹ̀ ń dúró de èsì.

Ó di ọ̀rọ̀ ilé. Kò sí ayálégbé kan ní Ìbàdàn tí kò mọ kọ́ṣọ̀n fíì, owó tí wọ́n máa ń kà mọ́ ti ejẹ́ǹsì àti àgírímẹ́ǹtì. Mi ò mọ ẹnì kan tó ń retí pé ó máa padà wá. Kaution ni Jámánì ń pè é, ó sì ń padà wá níbẹ̀, bí ọmọ bá ṣe ohun tó yẹ. Òfin wọn kò gbà kí onílé gba ju owó ilé oṣù mẹ́ta lọ, kò sì gbọdọ̀ ka owó hítà àti omi mọ́ ọn. Ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ jáde, onílé tàbí ẹni tó ń mójú tó họ́sítẹ́ẹ̀lì á wá, òun àti ọmọ á jọ rìn yíká yàrá náà pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Ògiri ńkọ́? Ihò ìṣó wà níbẹ̀? Fèrèsé ń tì? Kọ́kọ́rọ́ mélòó ni wọ́n fún un, mélòó ló dá padà? Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, àwọn méjèèjì á sì bu ọwọ́ lù ú. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, kò sí ẹni tó lè dìde lẹ́yìn oṣù méjì kó ní ọmọ náà ló bà á jẹ́. Ìyẹn ló ṣe ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ pé ọmọ kan ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí lẹ́tà, ó sáré lọ wọ ọkọ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ló sọnù yẹn.

Àwọn nǹkan kéékèèké ló ń jẹ owó náà. Firíìjì gbọ́dọ̀ ti yọ́, kó sì ti gbẹ, nítorí náà ọjọ́ méjì ṣáájú ni wọ́n ń pa á. Ẹ̀yìn sítóófù, inú ààrò, abẹ́ ibùsùn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Kọ́kọ́rọ́ tó bá sọnù lè di gbèsè ńlá, torí kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí yàrá, ẹnu ọ̀nà ńlá àti ibi ìfọṣọ nínú àwọn ilé kan; wọ́n lè ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo àgádágodo. Ọmọ gbọ́dọ̀ gba àpọ́ńtímẹ́ǹtì fún ìdáyàrá-padà náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Ẹni tí bàálù rẹ̀ bá gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ti kó sí wàhálà: ọjọ́ Ẹtì ló ní láti fi yàrá sílẹ̀, á sì wá ibi tó máa sùn fún òru mẹ́ta. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó mọ ọjọ́ ìdáyàrá-padà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọmọ tí àdéhùn ilé rẹ̀ parí lóṣù kẹta kò lè sọ lóṣù kejì pé òun ti ń lọ, kò ní sanwó mọ́. Ó gbé ibẹ̀ o, kò gbé ibẹ̀ o, yóò san án.

Ìwé kan wà tó jẹ́ ìyá fún àwọn ìwé tó kù. Abmeldung ni. Ní Jámánì, ẹnikẹ́ni tó bá kó wọ ilé, onílẹ̀ tàbí àlejò, gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ́fíìsì náà dà bíi káńsù lọ́dọ̀ wa. Bí ènìyàn bá ń fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, yóò padà lọ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, Abmeldung nìyẹn. Wọn kì í gbà á ṣáájú ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ tí ènìyàn máa jáde, kò sì gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn gan-an ni, nígbà tí ọwọ́ ọmọ ti kún fún gbogbo nǹkan mìíràn.

Bí ìwé yẹn bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọn ìyókù tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yanjú. Òun ni yóò fi hàn àwọn tó ń gba owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, 18.36 yúrò lóṣù fún ilé kọ̀ọ̀kan, wọn ò bi ọ́ bóyá o ní tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí kò bá fi ìwé hàn wọ́n, wọ́n á máa kọ gbèsè sí i lọ́rùn lẹ́yìn tó ti dé Ìbàdàn. Òun ni yóò fi dá owó ìtọ́jú ìlera dúró. Ọmọ tí kò ní sikọ́láṣíìpù, tó jẹ́ pé àwọn òbí rẹ̀ ló fi owó sínú àkáǹtì onítìpa kí wọ́n tó fún un ní físà, kò lè kó ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ, torí ìjọba ló ní kí wọ́n tì í. Iye tí wọ́n ń béèrè fún àkáǹtì yẹn láti oṣù kẹsàn-án 2024 jẹ́ 992 yúrò lóṣù, 11,904 lọ́dún. Ní ti báńkì fúnra rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe ní ìkánjú ni pé wọ́n ń ti àkáǹtì wọn pa lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n gbàgbé pé kọ́ṣọ̀n kò tíì wọlé. Ó lè gba oṣù mélòó kan, àní títí dé mẹ́fà, kí onílé tó ṣírò owó omi àti hítà tán. Kí wọ́n fi àkáǹtì náà sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí wọ́n sì tì í láti ibí tí owó bá ti wọlé.

Físà ní ọjọ́ tirẹ̀, kò sì bìkítà nípa ọjọ́ sẹ́mẹ́sítà. Ọjọ́ tó wà lára ìwé ìgbélùú náà ni òpin. Ẹni tó bá rí i pé Hausarbeit òun lè kọjá rẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè àfikún kí ọjọ́ náà tó pé. Bí ó bá kọjá ní ọjọ́ kan péré, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìwé yẹn kan náà ló ń gba ọmọ láyè láti wọ àwọn orílẹ̀-èdè Schengen yòókù, tó di 29 lápapọ̀, fún 90 ọjọ́ nínú 180. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń to ìrìn àjò sínú oṣù kẹta, Prague lónìí, Paris lọ́la. Kò burú, ọjọ́ orí wọn ni. Ohun tí mo kàn ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba àpọ́ńtímẹ́ǹtì ilé àti ti ọ́fíìsì ìlú.

Ìyá rẹ̀ ń pè é ní alaalẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ó sì rọrùn, nítorí aago wa àti ti Jámánì dọ́gba ní gbogbo ìgbà òtútù. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta ni tiwọn ń fi wákàtí kan ṣíwájú. Lórí ìpè wọ̀nyẹn la ti gbọ́ nípa ìgò. Ẹni tó bá fẹ́ gbé Coke onígò lọ sílé ní Baṣọ̀run, tí kò mú ìgò wá, á fi owó ìgò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó ń tà á. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ike àti agolo ohun mímu ni wọ́n ń gba 25 sẹ́ǹtì lé, ẹ̀rọ inú ilé ìtajà ló sì ń dá a padà. Ọmọ wa àti àwọn alábàágbé rẹ̀ kó gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì jọ, wọ́n rí owó oúnjẹ àjọjẹ tí wọ́n fi dágbére fúnra wọn níbẹ̀. Ó fi kóòtù òtútù rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ Kẹ́ńyà kan tó ń dé bọ̀ lóṣù kẹrin. Ẹrù 23 kílò méjì ni bàálù rẹ̀ gbà, kóòtù ńlá kan sì lè jẹ kílò mẹ́ta nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kẹ́yìn, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Bayreuth láti lọ wo Iwalewahaus, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà Áfíríkà. Ulli Beier ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1981. Ọkùnrin náà ti wà lára àwọn tó dá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961, ó ti gbé Ẹdẹ, ó ti gbé Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ló fi sọ ilé náà lórúkọ láàárín ìlú Jámánì: ìwà lẹwà. Ọmọ náà fi fọ́tò ara rẹ̀ níwájú orúkọ yẹn ránṣẹ́, kò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Ó ti ń ṣàárò ibẹ̀ kó tó kúrò, ó sì ń ṣàárò ilé. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n mẹ́nu kan èyí nínú àlàyé tó kún fún ìwé àti gbèdéke, nítorí òbí tí kò bá mọ̀ á rò pé ọmọ òun ń ṣàìsàn. Ẹ fi sílẹ̀ kó sunkún díẹ̀.

Ìwé méjì ló kù tó gbọ́dọ̀ jáde láti ọwọ́ yunifásítì ibẹ̀. Ìkíní ni ẹ̀rí pé ọmọ wà níbẹ̀, tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Lórí ọjọ́ méjì yẹn ni wọ́n fi ń ṣírò owó Erasmus rẹ̀. Bí ọjọ́ inú rẹ̀ bá kéré sí iye tí wọ́n ti san, wọ́n á ní kó dá owó padà, ìdí nìyẹn tí a kì í fi gbà á ní àgbàsílẹ̀ lóṣù kejì. Ọjọ́ mélòó kan kí ó tó lọ ni kó gbà á. Ó tún gbọ́dọ̀ kọ ìjábọ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá kọ ọ́, owó tó bá ṣẹ́kù fún un kò ní jáde.

Ìkejì ni tíránsíkírípítì. Ìlànà Erasmus ni pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí èsì bá jáde, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé èsì Hausarbeit lè má tíì jáde lóṣù karùn-ún. Bó ṣe rí fún wa gan-an nìyẹn. Tíránsíkírípítì àkọ́kọ́ dé pẹ̀lú kọ́ọ̀sì mẹ́rin, ìkarùn-ún kò sí níbẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ níbí sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣe é. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ní lẹ́tà olùkọ́ tó fi hàn pé òun ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí gbèdéke tó pé, ìyẹn ni wọ́n fi dá ọ̀rọ̀ náà dúró títí èsì fi dé lóṣù kẹfà. Kí gbogbo ọmọ gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kódà bó jẹ́ ímeèlì ìlà méjì.

Kàlẹ́ńdà tiwa náà ní tirẹ̀ lọ́rùn. Kò sí bí ọ́fíìsì kan ní Jámánì ṣe lè bá sẹ́mẹ́sítà Nàìjíríà dọ́gba, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti 2022 nìkan gba oṣù mẹ́jọ gbáko, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì sí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Ọmọ tó bá dé lóṣù kẹta lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó lè bá wọn lẹ́nu ìdánwò. Ọjọ́ kejì tó dé, kí ó sinmi tán o, kó lọ sí ẹ̀ka rẹ̀, kó fi Learning Agreement, àti tíránsíkírípítì bó bá ti dé, lé ọ̀gá ẹ̀ka lọ́wọ́, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tirẹ̀ pé àwọn ti gbà á. Láti ibẹ̀ ló ń gba fákọ́tì lọ sí ìgbìmọ̀ Sẹ́néètì, Sẹ́néètì ló sì ní àṣẹ láti kà á mọ́ èsì rẹ̀.

Èsì ọmọ wa kọjá ní Sẹ́néètì lóṣù keje. Kọ́ṣọ̀n wọlé lóṣù kẹjọ, wọ́n yọ 40 yúrò kúrò nínú rẹ̀ fún kọ́tìnnì tó fà ya, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti bu ọwọ́ lù nínú ìwé ìdáyàrá-padà. Ọjọ́ náà ló ti àkáǹtì báńkì rẹ̀ pa láti inú pálọ̀ mi.